Ẹ̀kọ́ 8: Ẹ Má Ṣe Hú U Wò

Ibi kíkà: Máàkù 4:26–29, Jòhánù 12:20–26
Àkọ́sórí: Jòhánù 12:24
Ète ẹ̀kọ́: Kí á lè mọ bí a ti í tọ́jú ohun tí Ọlọ́run ń ṣe níbi tí ojú wa kò tó.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ mú àlùbọ́sà kan dání wá sí kíláàsì lónìí. Kí ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí, kí ó sì gbé e yípo kí gbogbo wa lè rí i. Ìpele lórí ìpele ni inú rẹ̀, ọ̀kan bo èkejì, títí a ó fi dé àárín gbùngbùn, níbi tí ọ̀mùnú kékeré kan wà. Inú ọ̀mùnú yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Gbogbo ìpele tí ó yí i ká, oúnjẹ tí a tọ́jú dè é ni. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ń ṣomi, kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀; ẹ̀kọ́ wa kò tíì dé ibi ẹkún.

Òdòdó ni mo fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe ọbẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Hóláńdì, àwọn òdòdó kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà fi irúgbìn gbìn. Ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ dàbí àlùbọ́sà yìí gẹ́lẹ́. Bulb ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é; àwa yóò máa pè é ní àlùbọ́sà òdòdó nínú ẹ̀kọ́ yìí. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni dáfódìlì, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, àti túlípì, tí ó dúró bí ife lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń tanná, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ má ṣe sè é jẹ o. Májèlé wà nínú dáfódìlì. Àwọn kan ti ṣèèṣì gé e sínú ọbẹ̀ rí, wọ́n sì fi èébì sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ kan àpò tí ó bá bá lẹ́bàá ilé ìdáná. Lóòótọ́, ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, nígbà tí ogun mú ìyàn wọ ilẹ̀ Hóláńdì, àwọn ènìyàn jẹ àlùbọ́sà túlípì níbẹ̀. Ebi ni ó mú wọn jẹ ẹ́, kì í ṣe adùn.

Ní ọdún 1984 ni mo lọ sí ìlú Leeds, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún méjì. Mo fi ìyàwó mi àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Opó arúgbó kan, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni ó fún mi ní yàrá nínú ilé rẹ̀. Màmá ni mo ń pè é, nítorí n kò lè la ẹnu pe ẹni tí ó dàgbà ju ìyá mi lọ ní orúkọ. Ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Nígbà tí ó ṣe, ó ń jẹ́ ẹ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Màmá gbé àpò kan jáde. Ogójì dáfódìlì ni ó wà nínú rẹ̀. Eékún ń dùn ún, kò lè kúnlẹ̀ mọ́, nítorí náà èmi ni mo kúnlẹ̀, òun jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá júwe. Ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jìn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga àlùbọ́sà tí a fẹ́ fi sí i: èyí tí ó bá ga ní íǹṣì méjì, ihò íǹṣì mẹ́fà. Ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ni yóò kọjú sókè, ìdí pẹrẹsẹ tí gbòǹgbò ń gbà jáde yóò sì wà nísàlẹ̀. Kí àyè tí ó gba irú rẹ̀ méjì wà láàrin ọ̀kan àti èkejì. Ibi tí omi bá ń dúró sí, a kò gbọdọ̀ gbìn ín síbẹ̀, nítorí jíjẹrà ni yóò jẹrà. Mo bi í bí a ó ti gbin túlípì pẹ̀lú. Ó ní ó di oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù dáadáa. Bí a bá tètè gbìn ín, àrùn kan wà tí í mú ewé rẹ̀ dàbí èyí tí iná jó.

Mo wá béèrè ìgbà tí èyí tí a gbìn yóò hù. Ó ní bí ó bá di oṣù kẹta, a ó rí òdòdó.

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́ ni. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹni tí ó gbin àgbàdo ní òjò àkọ́rọ̀, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ń ka èéhù. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà yẹn, gbogbo igi ń wọ́wé, oòrùn ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kùtùkùtù, àwa sì ń rì nǹkan mọ́lẹ̀. Lójú mi, ó jọ ìsìnkú ju oko lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ bí Ọlọ́run ti ṣe é. Òdòdó tí yóò tàn ní oṣù kẹta ti wà nínú dáfódìlì náà kí a tó rì í mọ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá ni ó ti di ẹ̀dá nínú lọ́hùn-ún, kékeré, ó ká jọ bí ọmọ inú oyún. Ẹni tí ó bá là á yóò rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá là á ti pa á. Kí ni ó wá kù? Òtútù ni. Túlípì nílò òtútù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá sí mẹ́rìndínlógún kí ó tó lè tanná dáadáa. Nínú òtútù yẹn ni gbòǹgbò ń ta, tí oúnjẹ tí a tọ́jú sínú ìpele-ìpele ń yí padà di ṣúgà, tí igi òdòdó sì ń gba agbára láti na ara rẹ̀ sókè. Bí kò bá rí òtútù tó, ó lè hu ewé, ṣùgbọ́n òdòdó yóò kúrú mọ́ ilẹ̀, tàbí kí ó kú sínú ewé.

Nítorí náà, àwọn tí wọ́n wà ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà níbi tí ooru wà, inú fíríìjì ni wọ́n ń kó túlípì sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó gbìn ín. Wọn kì í sì í kó o mọ́ èso ápù, nítorí èso tí ó ń pọ́n ń tú èémí kan jáde tí í pa òdòdó tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan bi mí nígbà kan bóyá a lè gbìn ín sí Ìbàdàn. Mo ní ọyẹ́ wa kò tó o. Bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, owó ni a sin.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò gbàgbé ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà ní oko, ẹ ti rí òdòdó pupa kan rí, tí ó rí rogodo bí bọ́ọ̀lù, tí í yọ láti inú ilẹ̀ lórí igi kan ṣoṣo nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ewé rẹ̀ tó jáde. Bí ẹ bá hú ìdí rẹ̀, àlùbọ́sà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni ó fi sùn. Tiwọn ń dúró de òtútù, tiwa ń dúró de òjò, kò sì sí èyí tí a lè fi ìgbà èkejì jí.

Èmi mọ̀ pé ó rọrùn láti dúró níbí kí á sì sọ fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú pé òtútù yóò ṣe é ní rere. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ. Òtútù kan náà tí í mú àlùbọ́sà inú ilẹ̀ tanná lè pa èyí tí ó wà nínú ìkòkò kékeré lóde, tí ó dì gbagidi títí dé àárín. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ilẹ̀ ni. Erùpẹ̀ ni ó dúró láàrin èyí tí a gbìn àti òjò dídì. Erùpẹ̀ kò lé òtútù lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó pọ̀ ju ohun tí ẹ̀mí lè gbà lọ. Bí arákùnrin kan bá wà nínú kíláàsì yìí tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ta ni erùpẹ̀ rẹ̀? Ta ni ó mú gààrí lọ síbẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ púpọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Leeds. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, sùúrù mi tán. Ilẹ̀ le bí òkúta ní ìta, ojú ọgbà dúdú, kò sí ohun kan níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí yìnyín rọ̀ díẹ̀, Màmá lọ sí ọjà, mo mú ọkọ́ kékeré, mo hú mẹ́ta wò. Wọn kò kú. Gbòǹgbò funfun ti pọ̀ ní ìdí wọn bí irùngbọ̀n àgbà, èéhù sì ti ń yọ lórí. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dá wọn padà, mo rí i pé mo ti ṣẹ́ èéhù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbòǹgbò wọn sì ti já mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí Màmá dé, mo jẹ́wọ́. Kò bínú. Ó kàn sọ pé, “Ó mọ ibi tí òkè wà.” Ó ní kódà èyí tí ènìyàn bá ṣèèṣì dorí rẹ̀ kodò, èéhù rẹ̀ yóò rọ́ ara rẹ̀ yípo títí yóò fi rí ojú ilẹ̀.

N kò sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí òdòdó. Àkọ́bí mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Ìyàwó mi ti kọ̀wé sí mi pé kò tẹ̀ lé àwọn lọ sí ilé ìsìn mọ́. Bí agogo bá lù, abẹ́ igi máńgòrò ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ìwé sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé mọ́kànlá. Ṣé o lọ sí ìsìn? Ta ni o ń bá rìn? Ṣé o ń ka Bíbélì rẹ? Kí ni o rò pé ẹ̀yìn ọ̀la rẹ yóò jẹ́? Mo fi òwe ọmọ tí a kò kọ́ dẹ́rù bà á, mo rán an létí ilé tí yóò gbé tà. Kò dáhùn ọ̀kan. Nígbà tí ó ṣe, ìyàwó mi ní kò já wọn mọ́. Ó ń kó wọn sábẹ́ ibùsùn.

Ẹ ka Máàkù 4:27 dáadáa. Lẹ́yìn tí ọkùnrin inú òwe Olúwa ti fúnrúgbìn tán, oorun ni ó lọ sùn. Ó jí, ó tún sùn. Irúgbìn ń hù, òun kò sì mọ bí ó ti ṣe hù. A máa ń sáré kọjá ibẹ̀ nítorí pé ó jọ ìwà ọ̀lẹ lójú wa. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ̀yin ará. Nígbà tí ọkà gbó, kíá ni ó ti dòjé bọ̀ ọ́. Ó kàn mọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ní ìlú Hóláńdì, ní ìgbà òtútù ọdún 1636 wọ 1637, àwọn kan ń ra túlípì, wọ́n sì ń tún un tà, nígbà tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Owó rẹ̀ ga kọjá èrò. Ní oṣù kejì ọdún 1637, ó já wálẹ̀ lójijì, ọ̀pọ̀ àdéhùn sì di èyí tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ san án. Túlípì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nígbà ìrúwé, ó tanná bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí mo hú mẹ́ta yẹn, mo kọ ìwé kejìlá sí ọmọ mi. Kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo gbin ogójì òdòdó, pé mo hú mẹ́ta wò bí òmùgọ̀, mo sì ṣẹ́ wọn, pé ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀ sùn. Mo fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́.

Dáfódìlì yọ. Ní oṣù kẹta, mẹ́tàdínlógójì tanná, tí àwọ̀ ìyeyè wọn fi kún ọgbà náà. Òjò dídì tún já lé wọn lórí ní ọjọ́ kan; wọ́n tẹ orí ba, mo rò pé ó parí, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn là, wọ́n tún nàró. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Mẹ́ta tí mo hú kò tanná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi náà sì ṣìnà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí òdòdó rẹ̀ bá rọ tán, ewé ni ó kù. Ewé náà yóò gùn, yóò wó sílẹ̀, yóò pọ́n, yóò sì máa rí wúruwùru lójú ọgbà. Mo rò pé mo ń ran Màmá lọ́wọ́ ni mo ṣe mú àdá, mo sì gé apá kan mọ́lẹ̀ nídìí ògiri kí ó tó rí mi. Èyí gan-an ni ó mú un pariwo. Ewé yẹn ni ó ń gba oòrùn, òun ni ó ń se oúnjẹ, tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú àlùbọ́sà fún òdòdó ọdún tí ń bọ̀. Orí òdòdó tí ó ti kú ni kí á já, kí ó má baà fi agbára rẹ̀ so èso. Ewé ni kí á fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. A kò gbọdọ̀ gé e, a kò sì gbọdọ̀ dì í ní ìdì. Ní ọdún 1986, gbogbo èyí tí mo gé nídìí ògiri hu ewé lásán. Kò sí òdòdó kan lórí wọn.

Ìjọ wa mọ bí a ti ń gé ewé. Ìyá kan yóò ṣe olórí Ẹgbẹ́ Obìnrin fún ọdún méjìdínlógún. Ní ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìntì, a ó ṣe ìdúpẹ́, a ó fún un ní àwo tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, a ó ya fọ́tò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ó wá sí ìsìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ń jókòó sẹ́yìn, ó ń gbàgbé orúkọ, ó ń sọ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wúruwùru ni ó rí lójú wa. A kò mọ̀ pé ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ ó ti ń dárúkọ àwọn ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, àwọn tí yóò dúró lórí pẹpẹ ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Kí á tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo àkọ́sórí wa. Wóro àlìkámà ni Olúwa fi ṣe àpèjúwe, nítorí èyí ni àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i nínú ọgbà òdòdó, túlípì ni kí ẹ hú, kì í ṣe dáfódìlì. Dáfódìlì ń wà láti ọdún dé ọdún, ó sì ń bí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n túlípì tí ẹ gbìn kì í ṣe òun ni ẹ ó bá lẹ́yìn tí ó bá tanná tán. Ìyá ti ná gbogbo ara rẹ̀ tán sórí òdòdó àti àwọn ọmọ. Èèpo gbígbẹ ni yóò kù nínú rẹ̀, àlùbọ́sà tuntun yóò sì wà ní ipò rẹ̀. Olúwa sọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wákàtí rẹ̀ sún mọ́lé, kì í ṣe nígbà tí ó jókòó ní ìrọ̀rùn.

Ìwé ọmọ mi dé ní oṣù karùn-ún, nígbà tí ewé tí ó ṣẹ́kù wà nílẹ̀ gbalaja. Ojú ewé kan ni. Kò mẹ́nu kan ìjọ. Ó béèrè bóyá àwọn mẹ́ta tí mo ṣẹ́ padà yọ.

Ó ti di baba ọmọ mẹ́ta nísinsin yìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bi mí bí ó ti wà láàrin òun àti Ọlọ́run rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, n kò ní hú u wò fún yín. A máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Fún ìjíròrò:

Nínú Máàkù 4:26–29, kí ni afúnrúgbìn ṣe, kí sì ni kò ṣe? Èwo nínú méjèèjì ni ó ṣòro fún ọ jù nínú ilé rẹ?

Ta ni ó ti parí iṣẹ́ nínú ìjọ wa tí a kò bẹ̀ wò láti ìgbà ìdúpẹ́ rẹ̀? Kí kíláàsì dárúkọ wọn, kí akọ̀wé kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ pín wọn láàrin ara yín, kí ẹ sì lọ sí ọ̀dọ̀ wọn kí ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ tó pé. Ẹ má ṣe lọ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fún ìjọ.

Àlùbọ́sà tí olùkọ́ là, kí ẹnìkan mú un lọ sílé fún ọbẹ̀ ọ̀sán, kí ó má baà ṣòfò.